Àmọ̀ràn wà, àṣẹ ni kò sí: àyẹ̀wò iṣẹ́ Infrastructure WA pẹ̀lú àwọn Aboriginal

Infrastructure WA ni àjọ tó ń gba ìjọba ìpínlẹ̀ Western Australia nímọ̀ràn lórí ohun amáyédẹrùn: títì, omi, iná, ilé ìwòsàn, ilé gbígbé. Òfin ọdún 2019 ló dá a sílẹ̀. Kì í la títì, kì í gbẹ́ kànga, kò sì ní owó tó lè pín fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ló ní. Ó ń kọ ètò ogún ọdún fún ìpínlẹ̀ náà, ó sì ń yẹ àbá iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 100 dọ́là wò kí ìjọba tó ná an. Ètò àkọ́kọ́ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Keje ọdún 2022. Àbá inú rẹ̀ lé ní 90, ó sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn Aboriginal, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ogún àṣà wọn, àlàáfíà wọn àti okòwò wọn. Apá yẹn là ń gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àjọ yìí ti wúlò jù, ibẹ̀ náà sì ni àìlágbára rẹ̀ ti hàn jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ìpínlẹ̀ náà ní abúlé Aboriginal tó lé ní 200 ní ọ̀nà jíjìn, púpọ̀ nínú wọn wà ní Kimberley, Pilbara àti Goldfields. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń mu. Ní 2015, ọ̀gá àyẹ̀wò ìṣúná ìpínlẹ̀ náà gbé ìròyìn jáde pé nínú àwọn abúlé tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ní nitrate tàbí uranium, àwọn èròjà tó lè ṣe ara ní jàǹbá, nínú omi wọn kọjá ìwọ̀n tí ìlera gbà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ agbègbè náà fúnra wọn ló ń tú wọn sínú omi. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ Ọsirélíà ní kí nitrate má kọjá míligíráàmù 50 nínú lítà kan fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, àti 100 fún àwọn tó kù. Síse omi kò mú un kúrò. Kàkà bẹ́ẹ̀, bí omi ṣe ń gbẹ ni èyí tó kù ń nípọn sí i.

Ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá ló ń mú un kúrò, ẹ̀rọ yẹn kò sì jẹ́ ohun tí a lè gbé kalẹ̀ ká yíjú sẹ́yìn. Ó nílò iná tí kì í ṣẹ́, ó nílò kí wọ́n máa pààrọ̀ àsẹ́ àti awọ rẹ̀ déédéé, ó sì nílò kòtò tí omi oníyọ̀ tó ṣẹ́kù yóò máa lọ. Tí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, awọ náà lè bàjẹ́, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì lè wà ní ìlú tó jìn tó irinwó kìlómítà. Nítorí náà, àbá iṣẹ́ tó bá ka owó ẹ̀rọ nìkan, tí kò ka owó ìtọ́jú ogún ọdún àti owó oṣù ẹni tí yóò máa gbé nítòsí rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló kà. Ibi tí a ti rí èrè àjọ olùdámọ̀ràn nìyí: ó lè béèrè owó ìtọ́jú yẹn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Láti oṣù Keje ọdún 2023, Water Corporation (ilé iṣẹ́ omi ìjọba) àti Horizon Power (ilé iṣẹ́ iná ìjọba) ni omi àti iná àwọn abúlé wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ilé gbígbé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta omi fún Perth, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ló yẹ kó dáhùn fún omi Kimberley pẹ̀lú.

Iye ènìyàn ni wàhálà kejì, àwọn tó ń kọ àbá kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ìkànìyàn ọdún 2021 fo àwọn Aboriginal tó lé ní ìdá 17 nínú 100 jákèjádò Ọsirélíà, ti 2016 náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé abúlé tí ìwé sọ pé ènìyàn 100 ń gbé lè ní 120. Nígbà ìsìnkú tàbí ètò ìṣẹ̀ṣe, ó lè di ìlọ́po méjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣaláńgá, kòtò ìdọ̀tí àti táńkì omi tí wọ́n kọ́ fún 100 yóò kún, yóò ṣàn sílẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ni wọn yóò sì sọ pé wọ́n bà á jẹ́. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n gba iye ènìyàn lọ́wọ́ ilé ìwòsàn abúlé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ abúlé, kí wọ́n wọn omi tí wọ́n ń lò lóòjọ́, kí wọ́n sì kọ́lé fún ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò èrè iṣẹ́ náà kò ran abúlé lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ní Ọsirélíà ni pé kí wọ́n dín èrè ọjọ́ iwájú kù ní 7 nínú 100 lọ́dọọdún. Dọ́là kan tí ará abúlé yóò jèrè ní ọgbọ̀n ọdún sí i, sẹ́ǹtì 13 péré ni wọ́n kà á sí lónìí. Fún títì, èrè tó tóbi jù nínú ìṣirò wọn ni ìṣẹ́jú tí awakọ̀ dín kù lójú ọ̀nà, ta sì ni yóò rí ọkọ̀ púpọ̀ kà ní títì aṣálẹ̀? Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, omíyalé tó tẹ̀lé ìjì Ellie gbé afárá ìlú Fitzroy Crossing ní Kimberley lọ, a sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Great Northern Highway bá gé: oúnjẹ, oògùn, epo, gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n ṣí afárá tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kíá ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kí afárá tó wó, ìṣirò ìṣẹ́jú awakọ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bí àjọ náà bá fẹ́ ṣe oore gidi, kó máa béèrè iye ọjọ́ tí abúlé kan fi ń wà láìlọ́nà lọ́dún, kó sì fi í sí iwájú ìṣirò owó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún àṣà ló kàn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, òfin ìpínlẹ̀ yìí sì ti fárí lẹ́yìn olórí rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Rio Tinto, ilé iṣẹ́ awakùsà, fi àdó fọ́ ihò àpáta Juukan Gorge ní Pilbara, ilẹ̀ àwọn Puutu Kunti Kurrama àti Pinikura, níbi tí ẹ̀rí wà pé ènìyàn ti ń lò ó láti nǹkan bí 46,000 ọdún. Ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ láti 2013, lábẹ́ òfin ogún àṣà ọdún 1972. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023; nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá, wọ́n ti fagi lé e, wọ́n padà sí ti 1972 pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Ètò ogún ọdún kò lè sinmi lé òfin tó ń yí báyìí. Àjọ náà gbà pé kí wọ́n tètè kàn sí onílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ipá mú ẹ̀ka ìjọba kankan.

Kí ni títètè túmọ̀ sí lójú iṣẹ́? Kí wọ́n tó ya ojú ọ̀nà sórí àwòrán ni. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé Native Title, ìyẹn ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tí òfin Ọsirélíà gbà, láti mọ àjọ tó ń ṣojú onílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PBC. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, àdéhùn ilẹ̀ tí àwọn Noongar, onílẹ̀ ibẹ̀, bá ìjọba ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021, ti ní ìwé àdéhùn ogún àṣà tí a ti kọ sílẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ má kọ tiyín. Ẹ san owó àkókò àwọn àgbà àti owó epo ọkọ̀ wọn. Ẹ pàdé lórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ní ọ́fíìsì Perth. Ẹ má ṣètò rẹ̀ sí ìgbà òjò Kimberley tàbí àkókò ìṣẹ̀ṣe, bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀, ẹ sún un síwájú láìjiyàn. Ẹ háyà ògbufọ̀ láti Aboriginal Interpreting WA. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ sọ fún wọn ohun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, títí kan èyí tí ẹ kò gbà. Ìpadàlọ yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, òun ló sì fà á tí àwọn àgbà fi ń sá fún ìpàdé: PBC kan lè ní òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí Main Roads (ilé iṣẹ́ títì ìjọba), ilé iṣẹ́ omi àti àwọn awakùsà sì jọ ń kọ lẹ́tà sí wọn lọ́sẹ̀ kan náà.

Ohun tó rọrùn ni wọ́n ń tètè ṣe. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ Boorloo tó ṣí ní Perth ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 rẹwà, àṣà Noongar sì hàn lára òpó rẹ̀. A fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọnà lára òpó kò kan ẹni tó pinnu ibi tí òpó yóò gúnlẹ̀ sí.

Ní ti kọ́ńtíráàtì, ìlànà ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú ìdá 1 nínú 100 fún ilé iṣẹ́ Aboriginal, ó sì ń gòkè. Iye kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye owó. Kọ́ńtíráàtì gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì àti kọ́ńtíráàtì títì ńlá jọ jẹ́ ọ̀kan ọ̀kan. Ẹ tún ṣọ́ àwọn tó ń fi ọmọ Aboriginal kan ṣe ojú ilé iṣẹ́, tí èrè ń lọ síbòmíràn. Kí àjọ náà máa béèrè méjèèjì: iye owó, àti wákàtí tí ará agbègbè fi ṣiṣẹ́.

Òfin ní kí wọ́n tún ètò ogún ọdún náà yẹ̀ wò ó pẹ́ tán lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìyẹn sì ń pé ní 2027. Ìgbìmọ̀ abúlé tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun wọlé, kó má dúró de ìwé ìpè. Kó ti kọ iye ènìyàn gidi sílẹ̀, èsì àyẹ̀wò omi pẹ̀lú déètì, ọjọ́ tí ọ̀nà ń dí lọ́dún, àti ìgbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́ pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró de oníṣẹ́.