Ẹ sá fún ọkùnrin tó ń fi mọ́tò ta wáìnì Australia ní owó pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin èèyàn wa ní London, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham títí dé Old Kent Road, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra wáìnì pupa lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbé páálí ọtí kiri nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò. Ayédèrú ni. Ayédèrú pọ́nńbélé!

Pọ́ọ̀nù 42 ló gbà lọ́wọ́ mi fún páálí kan, ìgò 12. Pọ́ọ̀nù 3.50 ìgò kan nìyẹn. Shiraz ni, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi irú àjàrà kan ṣe, orúkọ ilé iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ló wà lára ẹ̀, wọ́n kọ Barossa Valley sí i, ibì kan tí wáìnì ẹ̀ lókìkí ní Australia, wọ́n sì kọ ọ́ pé 14% ni ọtí inú ẹ̀. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń palẹ̀ mọ́, pé wọ́n fẹ́ tètè tà á tán. Ọmọ Yorùbá ni o! Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi, ó tún bá mi gbé páálí náà dé ẹnu ọ̀nà. Ta ni ò ní gbà á gbọ́?

Ọjọ́ tá a pe àwọn ará ilé ọkọ mi wá jẹun ni àṣírí tú. Mo ti se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo ti yan súyà. Mo yí ìdérí ìgò, kò dún. Ìdérí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí máa ń dún lọ́wọ́ èèyàn nígbà tí òrùka ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ń já. Tèyí kàn yọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Bí mo ṣe dà á sínú gíláàsì báyìí, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná ló gba gbogbo ilé. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọ wò, wọ́n rọra gbé gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bu omi." Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ìgò náà yẹ̀ wò, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ibi tó ti tutù, bébà ara ẹ̀ bá ń ká kúrò. Níṣojú gbogbo wọn! Mo pe ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò gbé e. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti dí nọ́ńbà mi pa.

Àwọn kan ti ń sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá mi. Ojúkòkòrò ti bọ́ síbẹ̀? Ta ni ò mọ bí ọjà ṣe wọ́n nílùú yìí? Ó yẹ kí n ti ṣírò ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ olè lolè ń jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì júwe rẹ̀ fún mi lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ ní "èèyàn wa ni," ẹnu yín dà báyìí?

Ẹ wo ìṣirò yẹn. Láti oṣù kejì ọdún 2025, owó orí ọtí tí ìjọba ń gbà lórí ìgò wáìnì 14% ti lé ní pọ́ọ̀nù 3. VAT 20%, ìyẹn owó orí ọjà, tún wà lórí ìyẹn. Owó ìjọba nìkan ti ju pọ́ọ̀nù 3.50 lọ, a ò tíì san ti àjàrà, ti ìgò àti ti ọkọ̀ ojú omi. Báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ojúlówó?

Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà. Lọ́dún 2011, wọ́n rí ayédèrú Jacob's Creek, wáìnì Australia kan, nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Britain níbí, "Austrlia" ni àwọn oníjìbìtì kọ sẹ́yìn ìgò. Lọ́dún 2021, Yellow Tail, wáìnì Australia míì, ló kàn. Inú ṣọ́ọ̀bù ni o, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tù! Ṣé ẹ rí i pé kò sí ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú àwọn ọlọ́tí yìí?

Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó dúró fún un, irú bí ẹni tó kó o wọlé tàbí tó rọ ọ́ sígò, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ìpín tó ti wá. (Tẹ́ ẹ bá rí i pé Britain ni wọ́n ti rọ ọ́ sígò, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, inú àpò ràgàjì ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wáìnì Australia kó wá, Avonmouth lẹ́bàá Bristol sì ni wọ́n ti ń rọ púpọ̀ nínú ẹ̀.) Èyí tí owó ẹ̀ ò wọ́n sábà máa ń ní "South Eastern Australia" lára, torí oko káàkiri ni wọ́n ti kó àjàrà ẹ̀ jọ. Ó dáa fún súyà àti ọbẹ̀ ata. Tí wọ́n bá kọ Barossa, McLaren Vale tàbí Coonawarra, àwọn ibi tí wáìnì wọn sábà máa ń wọ́n, sí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ sá! Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má mu ún, ẹ má sì dà á nù. Ẹ pe Citizens Advice, àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, kí wọ́n fi tó Trading Standards, àwọn tó ń mójú tó ọjà títà, létí. Èmi ti pè wọ́n, ìgò mi tó kù ṣì wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ìwọ ọ̀gbẹ́ni, tó o bá ń kà á, o mọ ẹnu ọ̀nà mi. Gbé pọ́ọ̀nù 42 mi wá.