Níbo ni kí ẹ gbé plugin WordPress yín sí? Àtòjọ ọ̀fẹ́, ọjà tó ń yọ ìdá, tàbí sáìtì tiyín

Mo ti gbé plugin, ìyẹn kóòdù tí a ń fi kún sáìtì tí a fi WordPress kọ́ kó lè ṣe iṣẹ́ tuntun, sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ọ̀kan ni mò ń lò di òní, ọ̀kan sì wà tí mi ò lè ka lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá láìmí kanlẹ̀. Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni WordPress.org, àtòjọ plugin ti WordPress fúnra rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọjà ńlá máa ń yọ ìdá nínú ohun tí ẹ bá tà, nítorí náà mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Orúkọ

Ní WordPress.org, orúkọ tó bá wọ inú àdírẹ́sì plugin yín, èyí tí wọ́n ń pè ní slug, kò ṣeé yí padà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ ṣíwájú: “fún WooCommerce” (plugin ìtajà ni) lè kọjá bó bá wà lẹ́yìn, kí WooCommerce jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni wọn ò fẹ́. Ọjà tí mo lò kò bi mí ní nǹkan kan nípa orúkọ. Lórí sáìtì yín, ẹ̀yin lẹ bímọ, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ.

Àtúnṣe, àti ọ̀nà tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà

Ibí ni ata ti ta sí mi lójú, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Nígbà tí PHP 8.0, ẹ̀dà èdè tí a fi ń kọ WordPress àti plugin rẹ̀, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó fagi lé àṣà àtijọ́ kan. Nínú implode(), tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ lè ti kọ́kọ́ kọ àkójọ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ àmì tí ẹ fẹ́ fi so wọ́n, ojú ìwé á ṣì ṣiṣẹ́. Láti 8.0, bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ìwé máa dákú ni. Ìlà kan péré ni mo kọ bẹ́ẹ̀ nínú plugin tí mò ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “àṣìṣe ńlá ti ṣẹlẹ̀” ni sáìtì òun ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo ṣí fáìlì, mo rí i, mo fi ohun méjì tó wà nínú àkámọ́ rọ́pò ara wọn, mo dán an wò, mo gbé e lọ sọ́jà. Omi tí mo gbé kaná kò tíì hó.

Ọjà yẹn, tí mi ò ní dárúkọ, ní òfin pé gbogbo àtúnṣe, ì báà ṣe ìlà kan, gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ ojú aláyẹ̀wò. Mo tò. Ní ọjọ́ keje, wọ́n dá a padà. Wọn ò fẹnu kan ìlà tí mo tún ṣe. Wọ́n ní mo kọ àdírẹ́sì ìmeèlì mi sísàlẹ̀ ojú ìwé settings, pé mo fẹ́ fa oníbàárà jáde kúrò lọ́jà. Ìmeèlì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí! Mo yọ ọ́, mo tún fi ránṣẹ́, mo sì tún tò láti ẹ̀yìn. Ọjọ́ márùn-ún míì kọjá: àwòrán ìpolówó mi kò bá ìwọ̀n tuntun mu.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn oníbàárà ń fún plugin náà ní ìràwọ̀ kan péré, ó ń rọ̀ lé e bí òjò. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni kí n kọ̀wé sí àwọn tó rà á pé kí wọ́n má tíì gòkè sí PHP 8.0. Mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ ọjà ni orúkọ àti ìmeèlì wọn wà, iye tí mo tà nìkan ni wọ́n ń fi hàn mí. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn yẹn ì bá fi wá mi kàn, òun náà ni wọ́n ní kí n yọ.

Ní WordPress.org, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń yẹ plugin wò kó tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa fi SVN gbé àtúnṣe yín sókè (bẹ́ẹ̀ ni, SVN, irinṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, ẹ lọ kọ́ ọ), kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó jáde. Ká ní ibẹ̀ ni mo wà lọ́dún yẹn, ìṣòro mi ì bá ti parí kí n tó mu tíì tán. Ṣùgbọ́n ilé onílé náà ni. Kò sí orúkọ oníbàárà kankan, iye àfojúbù sáìtì tó ń lò ó, bíi 100+ tàbí 1,000+, ni ẹ máa rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, WordPress.org gba ojú ìwé Advanced Custom Fields, plugin tó wà lórí sáìtì tó lé ní mílíọ̀nù méjì, kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ WP Engine tó ni ín, ó sì yí orúkọ rẹ̀ sí Secure Custom Fields. Oṣù kejìlá kí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Mi ò dá ẹjọ́ wọn o. Ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà ni mò ń fi hàn yín.

Sáìtì tiyín ńkọ́? Láti WordPress 5.8, lọ́dún 2021, ẹ lè kọ Update URI sórí fáìlì plugin, kí WordPress lè mọ̀ pé ibòmíràn ni àtúnṣe rẹ̀ ti ń wá. Ẹ má fo ìlà yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì gba slug kan náà ní WordPress.org, kóòdù rẹ̀ lè bọ́ lé tiyín lórí sáìtì oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni WordPress máa ń wo bóyá àtúnṣe wà. Ohun tí mo bá gbé jáde láàárọ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi á ti rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo sì ní ìmeèlì gbogbo wọn.

Owó

WordPress.org kò gbà kí ẹ ti nǹkan pa sínú plugin kí ẹ wá ní kí wọ́n sanwó kó tó ṣí. Kóòdù tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn tí ẹ̀ ń tà yóò wà lọ́tọ̀. Ọjà á yọ tirẹ̀, àmọ́ ó ń gbé oníbàárà wá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Lórí sáìtì yín, owó orí ni kí ẹ ṣọ́: láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè tí oníbàárà wà ni VAT irú ọjà yìí ń lọ bí ẹ bá tà á fún ẹnì kan ní ilẹ̀ EU (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù). Paddle àti Freemius wà lára àwọn tó ń bá èèyàn ru ẹrù yẹn, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́ wọn.

Ìyókù

Ìwé àṣẹ: GPL (èyí tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo kóòdù, kó yí i, kó sì pín in) tàbí èyí tó bá a mu ni WordPress.org ń gbà. Ẹ ò gbọdọ̀ máa tọpa ẹni tó ń lo plugin yín láìgbàṣẹ, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi orúkọ yín há sísàlẹ̀ sáìtì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn jà lórí èyí, mò ń tẹ̀ lé e lórí sáìtì mi náà. Ní ti kí èèyàn rí yín, sáìtì tiyín ló burú jù: fún oṣù mẹ́ta gbáko, èmi àti róbọ́ọ̀tì Google nìkan la ń wọ tèmi.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tètè tà, tí ẹ ò sì ní pẹ́ fi plugin náà sílẹ̀, ọjà dára. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ nìkan lẹ fi kọ ọ́, WordPress.org tó yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọdún mẹ́ta sí i, ẹ̀yin náà lẹ ó ṣì máa dáhùn bó bá bàjẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà kékeré ọ̀fẹ́ sí WordPress.org kí àwọn èèyàn lè rí yín, kí ẹ máa ta ẹ̀dà ńlá lórí sáìtì yín. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ sọ́jà, kó wá ìdáhùn ìbéèrè méjì nínú àdéhùn wọn kó tó fọwọ́ sí i: ṣé àtúnṣe ìlà kan lè kọjá láìtò, àti ṣé wọ́n á fún yín ní ìmeèlì àwọn tó rà á? Bí ẹ ò bá rí i kà, ẹ kọ̀wé bi wọ́n, kí ẹ sì máa ka iye ọjọ́ tí wọ́n á fi dáhùn.