FreeCAD nídìí iṣẹ́ irin wa ní Kétu: bí ó ṣe ń pa ìrísí pọ̀, bí ó ṣe ń fi ọ̀kan gé èkejì

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ irin, tí ẹ sì ń wá ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ó fi máa ya nǹkan kí ayùn tó kan irin, FreeCAD ni mo máa ní kí ẹ lò. Òun la ń lò níbi iṣẹ́ wa ní Kétu, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, bí ẹ bá sì ti gbà á sórí ẹ̀rọ tán, kò tún ní kí ẹ mú íntánẹ́ẹ̀tì wá. Fún àwa tí a ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Nǹkan inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti gbà wá jù ni mo fẹ́ sọ: bí ó ṣe ń da ìrísí méjì pọ̀.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Union ń sọ méjì di ọ̀kan. Cut ń fi ọ̀kan gé èkejì. Intersection ń mú kìkì ibi tí àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn, á sì da ìyókù nù. Orúkọ George Boole, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1815, ni wọ́n fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí Boolean káàkiri inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ṣàlàyé, irin pẹlẹbẹ tí à ń dè mọ́ férémù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, ìbú rẹ̀ 60, ó sì nípọn tó 10. Ihò bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 10. Nínú Part, ìyẹn apá kan nínú FreeCAD, ẹ gbé Cube (ìrísí bí àpótí) kan kalẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n yẹn sí i. Ẹ wá gbé Cylinder (òpó róbótó) kan wá fún ihò, kí ẹ fún un ní gíga 14, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 2, kó lè yọ lókè, kó yọ nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gíga rẹ̀ bá nínípọn irin náà dọ́gba gééré. OpenCASCADE ló ń ṣe ìṣirò fún FreeCAD, bí ojú méjì bá sì sùn lé ara wọn pátápátá, nígbà mìíràn kì í mọ èyí tó wà nínú yàtọ̀ sí èyí tó wà níta. Mìlímítà 2 yẹn kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà òpó yẹn di mẹ́rin, ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú Union, ẹ tẹ irin náà, ẹ tẹ àwọn òpó tẹ̀lé e, kí ẹ wá tẹ Cut. Èyí tí a fẹ́ gé ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá yí i padà, irin yóò pòórá, kìkì péréte mẹ́jọ ni yóò kù lójú kọ̀ǹpútà: orí òpó mẹ́rin lókè, ìdí wọn mẹ́rin nísàlẹ̀. Bí ẹ bá tò ó dáadáa, àyè tí irin náà gbà, mìlímítà kúbíìkì 60,000, yóò dín sí bí 56,858, ìyẹn bí sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 56.858. Ẹ fi ìwúwo irin, gíráàmù 7.85 fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ náà yóò wúwo tó bíi gíráàmù 446. A ti mọ ìyẹn kí a tó lọ ra irin.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé Cut kì í jẹ àwọn tó gé run. Àwọn agbẹ́gi tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbí mọ̀ pé èérún igi tó bá ti já kì í padà sára igi. Nínú FreeCAD, ó ń padà. Ẹ wo àtòkọ tó wà lápá òsì: irin àti òpó ṣì wà lábẹ́ Cut, wọ́n kàn fara pamọ́ ni, ìwọ̀n wọn sì ṣì ṣeé yí. Ìyá kan tó ń fi gàárì ṣòwò wá bá wa, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì tuntun tí wọ́n rà fún mi yìí ò jókòó sórí ẹsẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ o.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ìyá, ẹ jókòó díẹ̀.” Ihò tó jìnnà síra ní 80 tẹ́lẹ̀ ní láti di 90. Mo sún òpó méjì síwájú, mo sọ gígùn irin di 110, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ sí àyè wọn níṣojú ìyá náà. Kò sí pé à ń ya nǹkan tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Intersection ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà fún, ó sì dùn mí. Ẹ ya pọ́ọ̀lì, ẹ ya ìbòrí tó ń bo bẹ́líìtì, kí ẹ fi Intersection wò wọ́n. Bí kò bá rí nǹkan kan mú jáde, wọn kò kan ara wọn. Bí ègé kan bá jáde, ibẹ̀ gan-an ni pọ́ọ̀lì yóò ti máa ha irin. Ọwọ́ èèyàn máa ń wà nítòsí bẹ́líìtì yẹn, nítorí náà a kì í fojú fo àyẹ̀wò yìí.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Ọ̀nà méjì ló wà láti ṣe ohun kan náà, Part àti Part Design, ó sì ń da orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rú. Part ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Union, ìlà ibi tí ìrísí méjì ti pàdé lè ṣì hàn lójú irin. Refine ló ń pa á rẹ́. Bí gígé bá sì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á máa falẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti etí. FreeCAD ń fi nọ́ńbà pe etí kọ̀ọ̀kan, Edge7, Edge12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti fi Fillet sọ etí kan di róbótó, tí ẹ wá padà lọ lu ihò kún un, nọ́ńbà lè yí, Fillet á sì fò sórí etí mìíràn tàbí kó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 ti dín ìṣòro yìí kù gan-an, torí náà ẹ má ṣe gba ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fi Fillet sí ìparí iṣẹ́.

Bí ìrísí bá ti pé, ẹ gbé e lọ sí TechDraw, apá FreeCAD tó ń sọ ìrísí di àwòrán orí bébà, ẹ kọ ìwọ̀n sí i, kí ẹ sọ ọ́ di PDF. Bébà yẹn là ń tẹ̀ jáde gbé fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kò sì tún ní láti pè wá lórí fóònù béèrè bí ihò ṣe jìnnà síra tó.