Kóòtù Ìjọba Àpapọ̀ àbí Ìgbìmọ̀ Ológun Guantánamo?
Bí Amẹ́ríkà bá mú agbésùnmọ̀mí, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ológun tó ń gbẹ́jọ́ ní Guantánamo, ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Cuba. Ẹ wo Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà tó gbéra láti Èkó, tó gba Amsterdam lọ sí Detroit lọ́jọ́ Kérésìmesì 2009, pẹ̀lú bọ́ǹbù nínú pátá rẹ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní 2011; ní 2012, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un.

Khalid Sheikh Mohammed, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé òun ló ṣètò ìkọlù September 11, 2001 ní Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 2003. Ìyà tí CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi jẹ ẹ́ kó bá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Títí di 2025, ìgbẹ́jọ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn ológun.

Àwọn tó fara mọ́ ìgbìmọ̀ ológun ní àṣírí ìjọba á tú ní kóòtù. Àmọ́ láti 1980 ni òfin tó ń dáàbò bo àṣírí níbẹ̀ ti wà.