Ìkéde fún gbogbo ayé àbí kí a lọ bá èèyàn nílé?

Bí a bá ń wá olùyọ̀ǹda ara ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ìrànlọ́wọ́ LibreOffice (ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ ìwé, tí a sì fi ń ṣe ìṣirò) sí Yorùbá, a lè kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá forúkọ sílẹ̀ lórí Weblate, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jọ túmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Èrò á pọ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọn kì í sì í pẹ́ tú ká. Ẹnìkan á kọ “Save” sí “fi pamọ́”, ẹlòmíràn “tọ́jú”, ẹ̀kẹta “gbàlà”! Ta ni yóò tún un ṣe?

Tàbí kí a fẹsẹ̀ wa lọ bá olùkọ́ èdè mẹ́ta, kí a jókòó tì wọ́n, kí a jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àmì ohùn á pé. Èyí ni mo fara mọ́.