YouTube, Facebook tàbí sáfà àyálò: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbé ètò sáfẹ́fẹ́ lójú-ẹsẹ̀

Ẹni tó fẹ́ máa gbé ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú sáfẹ́fẹ́ lójú-ẹsẹ̀ fún ẹbí tó wà ní London àti Houston sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú kámẹ́rà tí òun yóò rà. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yanjú ni ibi tí fídíò náà yóò ti máa dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran, nítorí ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń yàtọ̀ síra jù lọ.

Fídíò 720p (ìwọ̀n àwòrán HD) tó mọ́ gaara ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn gígábáìtì 1.8 ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ YouTube tàbí Facebook la lò, ìwọ̀n yìí nìkan ni yóò ti ọ̀dọ̀ wa jáde, ìbáà jẹ́ ènìyàn 10 ló ń wò tàbí 10,000. Ṣùgbọ́n bí a bá yá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò máa pín fídíò fún àwọn òǹwòran, tí a sì fi nginx (sọ́fítíwíà sáfà) pẹ̀lú RTMP (ìlànà ìfi-fídíò-ránṣẹ́) sí i, òǹwòran 100 yóò fa gígábáìtì 180 láàárín wákàtí kan náà, sáfà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ lè tú mẹ́gábíìtì 400 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró. Ọ̀fẹ́ ni nginx. Dátà tó ń jáde kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń yá sáfà? Orin ni. Nígbà tí DJ bá fi orin olórin sí i níbi àríyá, YouTube lè dá ètò náà dúró lójijì nítorí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan, kò sì sí àlàyé tí a lè ṣe fún ìyá ìyàwó lákòókò náà. Sáfà tiwa tún gbà wá láàyè láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dí ẹnu ọ̀nà. Ní ti ìpamọ́, YouTube máa ń tọ́jú ètò tí kò bá tó wákàtí 12, ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì ọdún 2025, ọjọ́ 30 péré ni Facebook ń fi tirẹ̀ pamọ́.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn bá ń já, SRT, ìlànà ìfi-fídíò-ránṣẹ́ mìíràn, sàn ju RTMP lọ, nítorí pé ohun tó sọnù lójú ọ̀nà nìkan ló ń tún fi ránṣẹ́, láàárín àkókò tí a bá dá fún un, nígbà tí RTMP yóò dúró de gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdàlù tí mo fara mọ́ jù ni kí sáfà kékeré kan gba fídíò náà nípasẹ̀ SRT pẹ̀lú sọ́fítíwíà MediaMTX, kí FFmpeg, sọ́fítíwíà mìíràn, sì tì í sí YouTube nípasẹ̀ RTMP. Sáfà náà kò ní pín nǹkan kan fún òǹwòran, owó rẹ̀ kò sì ní pọ̀.

Ní ti ohun èlò, ọ̀fẹ́ ni OBS Studio, sọ́fítíwíà tí a fi ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́, ó sì ń lo RTMP àti SRT, àmọ́ ó nílò kọ̀ǹpútà tó lágbára. ATEM Mini Pro, ẹ̀rọ tí a fi ń yí láti kámẹ́rà kan sí òmíràn, ń gba kámẹ́rà 4, ó sì ń dá fi fídíò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Kí olùrà má ṣe gba ATEM Mini lásán dípò rẹ̀, nítorí ìyẹn kò lè dá ránṣẹ́. Kò sí bátìrì nínú ATEM, nítorí náà bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn, àyàfi bí òun àti ráùtà bá wà lórí UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gba iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ).