Ìjàpá tí mo wá wò ní Grand-Popo, Èkó ló wà: ẹ ṣọ́ra fún alárinà yìí

Obìnrin tó wọ bùbá àdìrẹ, tó jókòó sí imú ọkọ̀ ojú omi, tó ń fi gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú àwòrán tí ọmọkùnrin kan ń gbé kiri orí WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi ni. Èmi gan-an ni. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "oníbàárà wa tí inú rẹ̀ ń dùn." Inú mi ò dùn o! Ká sọ tòótọ́, nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, inú mi dùn, torí mi ò tíì mọ̀ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ la yà á. Kó tó di agogo mọ́kànlá, mo ti mọ̀. Wákàtí mẹ́ta péré ni ẹ̀rín yẹn lò láyé, òun ló wá fi ń polówó. Èmi fúnra mi ni mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i, mo tún kọ "Ọlọ́run á bù kún ẹ" sí i.

Bí kì í bá ṣe ti fọ́tò yẹn ni, mi ò bá dákẹ́, torí ojú ń tì mí.

Oṣù Keje yìí ni mo pé 50 ọdún. Mi ò fẹ́ pàtí. Ẹni tó bá ti ta léèsì ní Balógun fún ọdún 21 ti jẹ ìrẹsì pàtí tó. Ibi tí kò ti sí ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ fún mi pé "ẹ bá mi gé yáàdì márùn-ún." Ẹnì kan tí a jọ ń tajà ló fi ìpolówó ọmọkùnrin alárinà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Òun náà ò lọ rí, ó kàn rí i ni, ó fi ránṣẹ́. Mi ò bínú sí i. Mo bínú díẹ̀.

Ilé àlejò inú igbó lẹ́bàá omi, ní Grand-Popo lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, ti fọwọ́ sí agbègbè náà. Ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́, 2017 ni UNESCO fọwọ́ sí i, Benin àti Togo ló jọ ni ín. Ṣé ẹ mọ bí alátà ṣe máa ń to tòmátò tó le sójú agbọ̀n? Ohun tó fi òótọ́ yẹn ṣe nìyẹn.

Ó ní ahéré mẹ́ta, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù wà, iná sólà ò ní kú tọ̀sán-tòru, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò láti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, alẹ́ mẹ́ta gbáko. Ó tún wá ní, "Mọ́mì, ẹ máa fi ojú yín rí ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sínú yanrìn." 240,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́ta ni wá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 720,000. Owó mi nìkan kọ́ o. Mo gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì, mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó ní àyè ti fẹ́ẹ́ tán.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Orúkọ obìnrin ló jáde lórí fóònù mi nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà. Mo rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rí i! Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, àkáǹtì àǹtí mi ni, tèmi ti kọjá iye tí wọ́n lè gbà lóòjọ́." Mo ní ó dáa. Mo sì tẹ̀ ẹ́. Èmi tí oníbàárà bá sọ fún pé òun ti sanwó, tí mo máa ń ní kó jókòó títí alẹ́ẹ̀tì á fi wọlé. Èmi tí mo lé ọmọọṣẹ́ kan lọ lọ́dún tó kọjá torí pé ó kó léèsì yáàdì mẹ́wàá fún ẹni tó fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn án. Ọmọ yẹn sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti dé.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ojúkòkòrò ni. Mo bi í léèrè. Mo ní kó fi fọ́tò yàrá ránṣẹ́, mọ́kànlá ló fi ránṣẹ́. Mo ní ṣé ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ó ní nẹ́ẹ̀tì wà. Kí ni kí n tún ṣe, kí n wẹdò lọ wò ó kí n tó sanwó ni? Ẹni tó bá fẹ́ lù yín á lù yín. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ká lọ sí Ìkógòsì, ó ní omi gbígbóná wà níbẹ̀, kò sì sí bọ́dà lọ́nà. Mo ní Ìkógòsì ò lọ síbi kankan. Ẹ má dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Láti Sẹ̀mẹ̀ ló ti yẹ kí n ti mọ̀. Awakọ̀ tó wá gbé wa ní ìdajì owó òun ni wọ́n san, òun ò sì ní ṣí iná mọ́tò àfi tí a bá fi 15,000 séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, kún un. Lọ́jọ́ yẹn, 1,000 séfà ń lọ sí bí 2,700 náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀, ìyẹn ni pé 40,500 náírà ti lọ ká tó gbẹ́sẹ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ní awakọ̀ náà ni kò dáa, pé òun á dá owó náà padà fún wa. Mo gbà á gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan sí i!

Láti Kútọnu sí Grand-Popo tó bí 80 kìlómítà, ẹ máa gba Wídà kọjá, ọ̀nà yẹn sì dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ la dé. Ahéré kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún wa. Ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀dì méjì, ẹní kan nílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí fáànù pàápàá. Iná sólà kú nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́wàá lù. Nẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́, ihò tó wà lára rẹ̀ gba ọwọ́ mi. Ilé ìyàgbẹ́ wà lókèèrè, eérú ni ẹ máa bù dà sí i tí ẹ bá ṣe tán, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ lóru á dá tọ́ọ̀ṣì tan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ò lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ká má purọ́ ṣá o, àárọ̀ ọjọ́ kejì dára. Ó dára débi pé inú ń bí mi sí i. Ọmọkùnrin kan tó ti gbé Mushin rí, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ló tukọ̀ wa gba àárín igi ẹ̀gbà kọjá, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń nàró lókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti fi Zangbeto, eégún Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, dí hàn wá, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀. Wọ́n ní èyí tí ìjọba fi òfin ṣọ́, àwọn èèyàn ń gé e lóru, èyí tí Zangbeto ń ṣọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa. A rí àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀, wọ́n ń ha erùpẹ̀ oníyọ̀, wọ́n ń da omi sí i nínú agbọ̀n kó lè sẹ́, wọ́n wá ń gbé omi náà kaná títí iyọ̀ á fi kù nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá! Lẹ́yìn náà la dé ẹnu òkun, ibi tí omi odò ti ń pàdé omi iyọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn.

Mo wá bi ọmọ náà pé ìjàpá dà. Ó wò mí lójú bíi pé mo béèrè mọ́ńgòrò nínú oṣù Kejìlá. Ó ní láti bí oṣù Kẹwàá lọ ni wọ́n máa ń gòkè wá yé ẹyin. Oṣù Keje la wà! Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìjàpá tí mo tìtorí rẹ̀ kọjá bọ́dà, Èkó ni mo fi í sí, ó ń pè mí ní Mọ́mì.

Agogo mọ́kànlá ni bàbá tó ni ilé wá bá wa. Faransé ló ń sọ, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi gbọ́ Ègùn, wọ́n yáa bá ara wọn sọ ọ́. Bàbá ní kí ló dé tí a ò tíì palẹ̀ mọ́. Ó mú ìwé kan jáde, èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ: 25,000 séfà. Ahéré kan, alẹ́ kan, 20,000. Ọkọ̀ ojú omi, 5,000. Ó tán. Nínú 720,000 náírà, ohun tó débẹ̀ ò ju 67,500 lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jókòó sórí yanrìn pẹ̀lú bùbá àdìrẹ tí mo rán fún ọjọ́ ìbí mi.

Mo pè é. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo tún pè é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù yanjú ẹ̀." Ó tún ní àwọn ará Benin ló fẹ́ lù wá ní jìbìtì, ká má dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti dí mi pa. Fóònù ọ̀rẹ́ mi la fi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó gé e.

Bàbá yẹn náà, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Ó fún wa ní ẹja yíyan àti ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní akassa, kò gba owó ọ̀sán yẹn, ó ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni. Ọ̀rẹ́ mi wá bi í bóyá irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní àwa ni ìkẹrin. Ìkẹrin! Kí ló dé tí kò fi lé alárinà náà? Ó ní àwọn èèyàn máa ń san ìyókù náà ni, ṣebí wọ́n ti dé. Ṣé ẹ gbọ́? Bó ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti jà lólè nìyẹn, tó sì ń sùn dáadáa. Nígbà míì mo máa ń ní àgbàlagbà tó láàánú ni. Nígbà míì mo máa ń ní àwọn méjèèjì ló jọ ń pín in. Àwa náà san 20,000 séfà fún alẹ́ kan sí i, torí mọ́tò ò sí lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta la padà sílé.

Báńkì ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, pé kí n lọ bá ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní kí n mú àdírẹ́sì rẹ̀ wá. Tí mo bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀, ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa wá?

Mi ò gba alárinà kankan gbọ́ mọ́. Oníyàrá, onímọ́tò, ẹni tó ń ta fọ́tò ibi tí kò dé rí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé oníṣòwò lèmi náà. Àmọ́ léèsì mi wà níwájú yín, ẹ lè fọwọ́ pa á lára.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ: ẹ wá nọ́ńbà ilé náà gan-an kí ẹ pè é fúnra yín, kódà kó jẹ́ Faransé ni, ẹ wá ẹni tó máa bá yín sọ ọ́. Ẹ má san ju díẹ̀ lára owó náà lọ kí ẹ tó débẹ̀. Orúkọ àkáǹtì tó bá yàtọ̀, ẹ sá. Ẹ gbé fọ́tò náà sínú Google Lens, èyí tó máa ń fi ibòmíì tí fọ́tò kan wà hàn yín: nígbà tí mo gbé mọ́kànlá tèmi síbẹ̀, mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti ilé míì ní ìlú míì, ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ ti Bali ní Indonesia. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì tiyín dání.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá nìyí. Bàbá náà pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní àwọn ẹni mẹ́jọ kan ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, alárinà kan náà ló ń kó wọn bọ̀, ó sì ti fi owó wọn ránṣẹ́. 25,000 séfà. Tí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ tàbí ẹbí tó ń múra Grand-Popo fún ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí, kí ẹ bi wọ́n pé ahéré mélòó ni wọ́n rò pé àwọn sanwó fún.